Sáláàdì Àṣesílẹ̀ ní Àbújá: Létùùsì, Kábéèjì àbí Sógálè?

Ẹni tó gé sáláàdì sínú ike ní aago 9 alẹ́, tó fẹ́ jẹ ẹ́ ní aago 1 ọ̀sán ọjọ́ kejì, wákàtí 16 ló ní kí ewé náà fi dúró de òun. Kí wákàtí 16 yẹn tó pé, iná lè lọ láàárín òru kó má dé mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọkọ̀ lè há sí Nyanya. Bó bá tún wá bọ́ sí oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, tí ooru ń mú lọ́sàn-án tó tún ń mú lóru, báàgì oúnjẹ tí ẹ gbé sábẹ́ tábìlì ọ́fíìsì náà á gbóná. Nítorí náà, kí n tó bi ewé kankan léèrè adùn tàbí iye owó, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé: ṣé wàá lè dúró?

Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra. Àkọ́kọ́ ni létùùsì, tó jẹ́ pé òun ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn bí wọ́n bá ti dárúkọ sáláàdì. Èkejì ni kábéèjì, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ẹ̀kẹta ni sógálè, ewé mọ̀ríńgà tí àwọn Hausa ń fi kúlíkúlí pò. Àwọn Yorùbá kan wà tó jẹ́ pé láti ìgbà tí ìjọba ti kó olú-ìlú wá sí Àbújá ní 1991 ni wọ́n ti ń gbé níbí, wọ́n ń kọjá lára abọ́ sógálè lójoojúmọ́, wọn ò sì fẹnu kàn án rí. Wọ́n ń pàdánù.

Létùùsì

Púpọ̀ nínú létùùsì tó ń wọ ọjà Wúsé, Utako àti Garki, láti Jos ló ti ń wá. Orí òkè ni Jos wà, ó fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju òkun lọ, òtútù ibẹ̀ ló sì bá ewé yìí lára mu. Èyí tó kù, àwọn tó ń dáko fàdámà lẹ́bàá odò kéékèèké ló ń gbìn ín, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Létùùsì kì í fara da ooru. Bí oòrùn bá ti pa á lóko ju bó ṣe yẹ lọ, igi àárín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga láti yọ òdòdó, omi funfun inú igi yẹn á pọ̀ sí i, ewé rẹ̀ á sì korò. Tí ẹ bá rí ìdì létùùsì tí igi àárín rẹ̀ ti gùn gbọọrọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún Màláàmù tó ń tà á, bó ti wù kó dín owó rẹ̀ kù tó. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ já ewé kan lára rẹ̀, kí ẹ fi ahọ́n kan ìdí rẹ̀.

Nínú òṣùwọ̀n 100, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó 95 nínú létùùsì. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀ wà. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti gbà kọjá á pọ́n rúsúrúsú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibi tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ á dúdú. Omi ìfọ̀ tó bá sì kù lára rẹ̀ nínú ike, òun ló máa jẹ́ kó yọ̀ bọ̀rọ́ ní ọjọ́ kejì, tí òórùn rẹ̀ á sì yí padà.

Ẹni tó bá máa lò ó gbọ́dọ̀ ṣe sùúrù. Ẹ já àwọn ewé náà níkọ̀ọ̀kan kúrò lára ìdí wọn, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ dà wọ́n sínú asẹ́ títí omi á fi kán tán, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun tó mọ́, kí ẹ rọra fi aṣọ náà gbá omi tó kù lára wọn. Ẹ tẹ́ tíṣù sí ìsàlẹ̀ ike olómorí, ẹ to ewé sí i láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ fi tíṣù mìíràn bò ó, ẹ dé e, ó di inú fìríìjì. Ẹ má tíì gé e. Odidi ewé tó gbẹ dáadáa lè lo ọjọ́ 3 sí 5 nínú fìríìjì tí iná rẹ̀ kì í lọ. Èyí tí ẹ bá ti gé, ọjọ́ kejì ni kí ẹ jẹ ẹ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá kù. Fìríìjì tí a kò ṣí lè mú òtútù rẹ̀ dání fún nǹkan bíi wákàtí 4 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Tí iná bá wá lọ ní aago 11 alẹ́, tí ẹ kò sì ní ínfátà, tí ẹ kò fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ewé, nígbà tó bá fi máa di ìdájí, létùùsì yín ti ń rọ. Fún ilé tí iná rẹ̀ ṣeé gbára lé, létùùsì dára púpọ̀. Fún ilé tí iná rẹ̀ ń ṣe ségesège, kí wọ́n máa rà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Kábéèjì

Tí wọ́n bá ní kí n yan ẹyọ kan ṣoṣo fún sáláàdì àṣesílẹ̀ ní ìlú yìí, kábéèjì ni màá yàn, mi ò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ewé rẹ̀ ki, ó di mọ́ra wọn, ara rẹ̀ sì ń dán nítorí nǹkan bí ìda tó bò ó. Ọ̀rinrin kì í tètè jáde lára rẹ̀. Odidi kábéèjì tí kò dápàá lè kọjá ọ̀sẹ̀ 2 nínú fìríìjì, ó sì lè lo ọjọ́ mélòó kan ní ibi tó tutù nínú ilé ìdáná láìsí iná rárá. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi ju létùùsì lọ.

Èyí tí ẹ gé sílẹ̀ pàápàá kì í já èèyàn kulẹ̀. Kábéèjì tí ẹ gé wẹ́wẹ́, tí omi kò sí lára rẹ̀, á ṣì máa ró lẹ́nu ní ọjọ́ kẹta nínú fìríìjì. Ohun tó tún yà á sọ́tọ̀ ni pé ó máa ń dùn sí i bí ẹ bá ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i ṣáájú. Iyọ̀ díẹ̀ á fa omi jáde lára rẹ̀, ọsàn á wọ ibi tí omi ti jáde, líle rẹ̀ á sì rọ̀ díẹ̀. Létùùsì kò lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti rọ jọwọrọ.

Ó ní àbùkù tirẹ̀. Tí ẹ bá ṣí ike rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, òórùn kan máa ń kọ́kọ́ jáde, tí gbogbo yàrá ọ́fíìsì á fi mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ jẹun. Ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó gbé e sórí tábìlì, á lọ. Ó tún máa ń kún àwọn kan nínú, pàápàá tí wọ́n bá jẹ ẹ́ ní tútù lọ́pọ̀. Àwọn ọmọdé kì í sì í fẹ́ ẹ bí wọ́n bá gé e gbàǹdùgbàǹdù. Ọ̀bẹ tó mú ni oògùn rẹ̀: ẹ la á sí mẹ́rin, ẹ gé igi àárín rẹ̀ sọ nù, kí ẹ wá máa gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí okùn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ gbé e lọ́wọ́. Èyí tó bá wúwo ju bó ṣe tóbi lọ ni kí ẹ mú. Èyí tó fúyẹ́, tí ewé rẹ̀ tú síta, ó ti pẹ́ tàbí kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń tà á máa ń là á sí méjì fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó odidi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n là á lójú yín. Èyí tó ti là sílẹ̀ láàárọ̀, tí eṣinṣin ti ń bà lé, kò yẹ fún oúnjẹ tí a kò ní sè. Ní ti kábéèjì elésè àlùkò, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n á kun kùkúńbà àti ẹyin yín di aró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Sógálè

Nǹkan mìíràn ni eléyìí, nítorí pé ewé bíbọ̀ ni. Àwọn Hausa ń pe irú oúnjẹ yìí ní kwado: ewé, kúlíkúlí lílọ̀, àlùbọ́sà, tòmátì, ata, iyọ̀ àti òróró ẹ̀pà díẹ̀, wọ́n á fọwọ́ pò ó pọ̀. Wọ́n ń fi létùùsì náà ṣe é, tí wọ́n ń pè ní salak, wọ́n sì ń fi lansir ṣe é, ewé kékeré kan tó ń ta lẹ́nu. Lansir dùn gan-an, àmọ́ kì í dúró rárá, ẹ fi ìyẹn sí ti ọjọ́ tí ẹ bá jókòó sílé. Sógálè ló bá ọ̀rọ̀ wa mu.

Ohun tó mú un dára fún àṣesílẹ̀ ni pé kò ní líle kankan tó máa pàdánù. Ó ti rọ̀ láti orí iná. Ohun tó dà ní alẹ́ Sunday náà ló máa dà ní ọ̀sán Tuesday. Ó sì ń yó èèyàn, nítorí kúlíkúlí inú rẹ̀. Ẹni tó jẹ abọ́ kan nínú rẹ̀ lọ́sàn-án kò ní máa wá búrẹ́dì kiri ní aago 3.

Ẹ lè ra èyí tí wọ́n ti bọ̀, tí wọ́n fún, tí wọ́n to jọ bí òkìtì kéékèèké sórí àtẹ. Èmi kì í gbà pé kí èèyàn fi ìyẹn ṣe àṣesílẹ̀. Iná ti pa kòkòrò inú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fún omi rẹ̀ dànù, àwo tí wọ́n kó o sí, àti wákàtí tó ti fi jókòó nínú oòrùn, a ò lè ṣèbúra fún wọn. Ẹ ra ewé tútù, ẹ já ewé kúrò lára igi (iṣẹ́ tó yẹ àwọn ọmọ tó ń wo tẹlifíṣọ̀n nìyẹn), ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bọ̀ ọ́ títí á fi rọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fún un pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ fọṣẹ fọ̀. Nínú fìríìjì, ó lè lo ọjọ́ 3. Nínú fíríísà, ẹ lè rọ ọ́ róbótó róbótó ní ìwọ̀n oúnjẹ ẹnì kan, kí ẹ máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí bíbọ̀ tí a bọ̀ ọ́ tàn yín jẹ. Ewé bíbọ̀ tó ní omi lára, tí kò sí ohun kíkan nínú rẹ̀, ibi tí kòkòrò fẹ́ràn láti máa bí sí nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kìlọ̀ pé kí a má fi oúnjẹ tí a ti sè sílẹ̀ lásán ju wákàtí 2 lọ, àti pé fìríìjì gbọ́dọ̀ tutù tó kó má kọjá 5°C. Ẹni tí kò ní fìríìjì kò gbọdọ̀ bọ sógálè lálẹ́ kó máa jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Ọ̀nà kan wà fún un: ewé sógálè gbígbẹ. Ó wà lọ́jà, ó lè wà nínú ike fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìwọ̀nba tí ẹ bá fẹ́ jẹ ni ẹ máa bọ̀. Kò dùn tó tútù, ṣùgbọ́n kò bẹ iná NEPA ní nǹkan kan.

Kí ojú lè rí wọn papọ̀:

| | Létùùsì | Kábéèjì | Sógálè |
|---|---|---|---|
| Odidi nínú fìríìjì | ọjọ́ 3 sí 5, bó bá gbẹ | ó lè kọjá ọ̀sẹ̀ 2 | ewé tútù, ọjọ́ 2 sí 3 |
| Lẹ́yìn gígé tàbí bíbọ̀, nínú fìríìjì | ọjọ́ kejì | ọjọ́ 3 | ọjọ́ 3 |
| Bí iná bá lọ mọ́jú | á rọ | odidi rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára | èyí tí a ti bọ̀ lè bàjẹ́ |
| Ibi tí iṣẹ́ wà | fífọ̀ àti gbígbẹ | gígé | jíjá ewé àti bíbọ̀ |
| Ìgbà tí a lè fi ọsàn sí i | nígbà jíjẹ nìkan | láti alẹ́ | nígbà jíjẹ |

Fífọ̀ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi iyọ̀ sómi, a ó da ewé sí i, ọkàn wa á sì balẹ̀. Omi iyọ̀ dára láti lé ìdin àti kòkòrò tí ojú rí jáde láàárín ewé, pàápàá nínú kábéèjì. Ṣùgbọ́n kò pa gbogbo kòkòrò àìfojúrí tó ń fa onígbáméjì tàbí ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Àwọn oko kan wà tí wọ́n ń fi omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn kọjá láàárín ìlú bomi rin ewé. Ẹ kò lè fi ojú dá ewé irú oko bẹ́ẹ̀ mọ̀ lórí àtẹ. Nítorí náà, ẹ fọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wá.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi omi púpọ̀ ṣan iyẹ̀pẹ̀ kúrò, ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn àti iwájú. Ẹ wá rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ da fínígà sí, ife fínígà kan sí ife omi mẹ́ta, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Fínígà ń dín kòkòrò kù, kì í pa gbogbo wọn tán. Lẹ́yìn náà ni omi ìkẹyìn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà: bó bá jẹ́ omi tí ẹ rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà tó ń fi bárò kiri ni, ẹ kò mọ kànga tàbí bọ́ọ̀hò tó ti fà á. Ẹ lo omi tí ẹ ti sè tó ti tutù, tàbí kí ẹ gé píọ̀wọ́tà méjì sí i. Owó rẹ̀ kò tó owó oògùn. Ẹ má fi ọṣẹ fọ ewé. Ewé máa ń mu ún, inú yín ni yóò sì parí ìrìn rẹ̀ sí.

Ọ̀bẹ àti pákó tí ẹ fi gé ẹran tútù tàbí adìyẹ, ẹ má gbé e sún mọ́ sáláàdì rárá, àfi tí ẹ bá ti fọṣẹ fọ̀ ọ́ tó sì gbẹ. Iná ló máa gba ẹran yẹn là. Sáláàdì kò ní iná kankan níwájú.

Ohun tí a fi ń pò ó

Níbí yìí, èrò mi kò ní dùn mọ́ àwọn olówàḿbẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Kíríìmù sáláàdì tí a ń dà sórí ewé, ẹ̀wà inú agolo àti àgbàdo inú agolo níbi ìnáwó kò bá àṣesílẹ̀ mu. Inú ìgò rẹ̀, kò ní wàhálà, nítorí pé fínígà wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ti dà á sórí ewé, á fa omi jáde, ìsàlẹ̀ ike á di ọbẹ̀ funfun, ewé á sì máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè jẹ sáláàdì láìsí i, ẹ bù ú sínú ike kékeré lọ́tọ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìnyín. Èyí tí wọ́n ń fi ẹyin tútù pò nílé, ẹ má gbé e lọ síbi iṣẹ́ rárá.

Òróró àti ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà ló ń bá mi lọ. Ṣíbí òróró mẹ́ta sí ṣíbí fínígà kan. Tó bá jẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́, méjì sí ọ̀kan. Iyọ̀, ata gúngún díẹ̀, ẹ dà wọ́n sínú ìgò kékeré, ẹ dé e, ẹ mì í. Òróró ólífì máa ń dì nínú fìríìjì, nítorí náà kí ẹ tètè mú un jáde. Òróró sóyà kì í fún yín ní ìyọnu yẹn. Fún létùùsì, nígbà tí ṣíbí bá ti wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ dà á sí i. Fún kábéèjì, ẹ lè dà á sí i láti alẹ́, kó sinmi nínú fìríìjì.

Kúlíkúlí ni ẹ̀kẹta, mo sì rò pé òun ló yẹ kí àwa tó ń gbé lókè ọya mọ̀ jù. Ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán ni. Ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná, ẹ pò ó mọ́ iyọ̀ àti ata, ẹ gbé e sínú ike gbígbẹ, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò nílò òtútù. Ó dùn lórí kábéèjì bó ṣe dùn lórí sógálè. Ìgbà jíjẹ ni kí ẹ wọ́n ọn sí i, torí pé tó bá ti bá omi sùn, á di lẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò lọ́jà kí ẹ tó rà á: èyí tó bá korò tàbí tó ń rùn bí ohun tó bu, ẹ̀pà tó ti bu ni wọ́n fi ṣe é, májèlé tí ẹ̀pà bíbu sì máa ń ní, tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, iná kì í pa á.

Àwọn tó ń bá ewé rìn

Kárọ́ọ̀tì kò ní ọ̀rọ̀. Ẹ rẹ́ ẹ, ẹ dà á sí i. Ata tàtàṣé tí kò tíì pọ́n náà ń dúró. Kùkúńbà ni ọlọ̀tẹ̀: omi ni gbogbo ara rẹ̀. Ẹ là á, ẹ fi ṣíbí ha kóró rẹ̀ kúrò, ẹ gé e, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì fún omi rẹ̀ dànù. Tòmátì, ẹ gbé odidi rẹ̀ dání kí ẹ gé e níbi tí ẹ bá ti fẹ́ jẹun. Àlùbọ́sà tí ẹ gé sílẹ̀ mọ́jú máa ń le lẹ́nu, ó sì máa ń bo gbogbo adùn tó kù mọ́lẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà, á rọ̀, òórùn rẹ̀ á sì dín kù. Píà máa ń dúdú láàárín wákàtí díẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ á dá a dúró díẹ̀, kò lè dá a dúró mọ́jú.

Ẹyin bíbọ̀ tí ẹ kò tíì bó lè lo ọ̀sẹ̀ kan nínú fìríìjì. Ẹ bó o ní àárọ̀ tí ẹ bá fẹ́ jáde. Tí ẹ kò bá ní ohun tútù tí ẹ máa fi gbé e, ẹ fi ẹyin sílẹ̀ kí ẹ lo ẹ̀pà yíyan.

Ní ti gbígbé e lọ, kò sí kúlà olówó ńlá tó ju píọ̀wọ́tà dídì méjì lọ. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú fíríísà, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e, ẹ fi ọ̀kan sábẹ́ ike, ẹ fi ọ̀kan lé e lórí, inú báàgì tó ki. Nígbà tí ẹ bá fi máa jẹun tán, ó ti yọ́, ẹ gé e mu. Nínú ike fúnra rẹ̀, ohun tó ní omi ni kó wà nísàlẹ̀: kùkúńbà, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà. Ewé ni kó wà lókè, kó má kan omi.

Ta ni kó yan èwo?

Òṣìṣẹ́ tó ń ti Kubwa tàbí Lugbe lọ sí Secretariat lójoojúmọ́, tó ní fìríìjì ṣùgbọ́n tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀: kábéèjì. Kó gé ti ọjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó má gé ti ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá sú u, kó fi sógálè gba ọjọ́ kan láàárín.

Ilé tí iná wà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tàbí tó ní ínfátà tó ń gbé fìríìjì mọ́jú: létùùsì ti ṣeé ṣe fún yín. Ẹ fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Saturday, kí ẹ jẹ ẹ́ tán kó tó di Wednesday.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dá gbé yàrá kan ní Mararaba tí kò ní fìríìjì: odidi kábéèjì kékeré kan, ìdajì ife kúlíkúlí lílọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́. Kó máa já ewé rẹ̀ láti ìta wọlé, kó má fi ọ̀bẹ la àárín rẹ̀, kó fọ ìwọ̀nba tó fẹ́ jẹ, kó sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kábéèjì kan á fi gbé e fún ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe àṣesílẹ̀ gan-an nìyẹn, àmọ́ irú rẹ̀ tí kò léwu ni.

Lásìkò ààwẹ̀ Ràmàdáánì, fún ìṣínu, mo fara mọ́ sógálè. Wọ́n lè bọ̀ ọ́ lẹ́yìn sààrì, kó wọ fìríìjì, kí wọ́n pò ó nígbà tí wọ́n bá ń retí ìpè. Ẹni tó ti gbààwẹ̀ látàárọ̀ kò nílò kí wọ́n máa dúró gé nǹkan.

Fún ìnáwó èèyàn 100 sókè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi létùùsì sílẹ̀. Abọ́ sáláàdì tó máa jókòó lábẹ́ kánópì láti aago 11 títí alága ìjókòó á fi dé, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì nìkan ló lè fara dà á, kí ẹ sì máa gbé e jáde láti inú kúlà díẹ̀díẹ̀, kó má jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà. Kí kíríìmù wà nínú ìgò rẹ̀ lórí tábìlì; ẹni tó bá fẹ́ á da tirẹ̀ sí i.

Ẹni tó bá ń lo oògùn warfarin fún ẹ̀jẹ̀ dídì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Fítámì K wà nínú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ó sì ń bá oògùn yẹn fà á. Kí ó bi dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sáláàdì lójoojúmọ́, kó má sì máa jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ lónìí kó wá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.